Bí Ìyábọ̀dé Ṣe Ta Ohùn Albert

Obìnrin tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀ kò gbà ká yí orúkọ òun padà. Ó ní, "Ìyábọ̀dé ni mò ń jẹ́. Sabon Gari ni mò ń gbé, ọjà Singer ni mo ti ń ta mílíìkì. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó mọ ojúlé mi." Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bó ṣe rò ó fún wa la ṣe kọ ọ́. A ò bu iyọ̀ sí i, a ò sì ṣa ata kúrò níbẹ̀.

Kano ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ àgbà ló wọ rélùwéè láti Ọ̀fà wá, tí kò sì padà mọ́. Lọ́dún 1984, nígbà tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, òun àti ọkùnrin mẹ́ta dá ẹgbẹ́ olórin kan sílẹ̀ ní Ibo Road. Dáríyá ni wọ́n pè é, nítorí pé Yorùbá mọ dáríyá sí ìgbádùn, Hausa sì mọ̀ ọ́n sí ẹ̀rín.

Orin rọ́ọ̀kì ni tiwọn. Gìtá oníná á máa ké bí ẹni tí agbọ́n ta, ìlù á máa dún bí ẹni ń wó ilé, ṣùgbọ́n àwàdà pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ inú orin náà. Fọláhàn Ṣótúndé ló ń ta gìtá. Collins ló ń lu ìlù. Ìyábọ̀dé, obìnrin kan ṣoṣo àárín wọn, ló ń ta béèsì. Albert Sàlámì ló ń ronú orin, òun náà ló sì ń kọ ọ́ lórí ìtàgé.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú orin wọn ni ti ewúrẹ́ tó jẹ sátífíkéètì. Albert á di orí àga mú bí ẹni ń sunkún, á ní: "Mo fi ọdún mẹ́fà kàwé, ewúrẹ́ fi ìṣẹ́jú kan kà á tán. Ẹ wá wo gírájúéètì tó ń jẹ koríko!" Èèyàn á rẹ́rìn-ín títí, wọ́n á máa di ikùn mú.

Nígbà tó di 1992, ìgbéyàwó, ọmọ títọ́ àti ọjà tú wọn ká. Béèsì Ìyábọ̀dé wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi sùn síbẹ̀.

Àfi bí ẹnì kan ṣe gbé orin ewúrẹ́ yẹn sórí Tíkítọ́ọ̀kì lọ́jọ́ kan. Kí oṣù tó parí, àwọn ọ̀dọ́ láti Kano dé Èkó ti ń jẹ ìwé lórí fóònù, wọ́n ń ké mẹ̀ẹ́ẹ̀.

Bí Dùnsìn ṣe dé Singer nìyẹn. Ọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ilé iṣẹ́ orin kan ní Èkó ló rán an.

"Mummy, ẹ̀yin lẹ ta béèsì nínú orin ewúrẹ́?"

"Èmi ni. Ṣé ewúrẹ́ náà ti tún jẹ nǹkan ẹlòmíràn ni?"

Dùnsìn bú sẹ́rìn-ín. Ó jókòó lórí páálí mílíìkì láìbéèrè. "A fẹ́ kẹ́ ẹ padà wá, Mummy. Àwo tuntun, orin mẹ́jọ. Gbogbo yín pátá."

Ìyábọ̀dé ní ó ṣe òun bí ẹni pé wọ́n ta omi tútù sí òun lára. Ó pe Tolú, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Abuja, lórí fóònù. Tolú ní, "Mummy, rọ́ọ̀kì? At your age?"

"Ọjọ́ orí wo? Ṣebí ọjọ́ orí yìí náà ni mo fi ń gbé páálí mílíìkì láti àárọ̀ dalẹ́? Kò sẹ́ni tó ní kí n má gbé e. Gìtá ló wá wúwo jù fún mi?"

Ó pa fóònù. Ó kúnlẹ̀, ó wọ́ béèsì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó máa di ọjọ́ kẹta, orí ìka rẹ̀ mẹ́rin ti bó.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà. Albert ni.

Ọdún kẹta rèé tí àrùn ẹ̀gbà kọlu Albert. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ń jáde níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé, ó mú bí abẹ.

Òkè ilé ìtajà Fọláhàn ní France Road ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Dárasími, ọmọbìnrin Albert, ló mú un gun àtẹ̀gùn. Bó ṣe jókòó, ó na ìwé àjákọ kan sí Ìyábọ̀dé. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, lẹ́tà gàgàrà tó ń ṣubú lu ara wọn.

"Orin... tuntun," ni Albert wí. "Ẹ jẹ́... kí n kọ ọ́."

Ó sì kọ ọ́. Ó ní:

"Ẹnu mi ti kọrí sí Kaduna,
imú mi ṣì ń gbé ní Kano.
Mo bu tíì sẹ́nu,
èjìká mi ló mu ún."

Collins rẹ́rìn-ín títí ó fi yẹ̀ lórí àpótí tó jókòó lé. Fọláhàn ń nu ojú. Albert fúnra rẹ̀ ń mì, omi ń kán ní ìgun ẹnu rẹ̀ tó wọ́, inú rẹ̀ sì dùn dọ́ba.

Dùnsìn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ojú pe Ìyábọ̀dé jáde sí bàlùkónì.

"Mummy, kò lè ṣe é."

"Báwo ni kò ṣe lè ṣe é? Ṣé o ò rí bá a ṣe ń rẹ́rìn-ín ni?"

"Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín torí pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde báyẹn? Àwọn ọ̀gá mi ò ní gbà."

"Orí rẹ̀ pé o, Dùnsìn."

"Orí kọ́ là ń gbé sórí rédíò, Mummy. Ohùn ni." Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ gbọ́. Kọ̀ǹpútà lè ṣe ohùn rẹ̀. Kí n kó kásẹ́ẹ̀tì yín àtijọ́ fún un, yóò kọ́ bí Albert ṣe ń kọrin nígbà tó ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, yóò sì kọ orin tó bá wù wá. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Kí Albert sáà ti tẹ̀ka síwèé, ó parí."

"Bó bá kọ̀ ńkọ́?"

"A jẹ́ pé kò sí àwo nìyẹn."

Ìyábọ̀dé mọ̀ pé Albert yóò kọ̀. Ẹni tó mọ Albert fún ọjọ́ kan péré mọ̀ pé yóò kọ̀. Lọ́dún 1988, ọkùnrin kan tó pè wọ́n wá ṣeré ní kí wọ́n máa ya ẹnu lásán, kí kásẹ́ẹ̀tì máa kọrin lábẹ́lẹ̀. Albert ká gbogbo wáyà, ó ní kí wọ́n máa lọ ilé.

Ó sọ fún wa pé ọjọ́ méjì gbáko lòun fi bá ara òun jà. Nígbà tó bá jókòó sí ìsọ̀, àwọn oníbàárà á máa pè é: "Màdáámù Mílíìkì! Màdáámù Mílíìkì!" Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, kò tún sẹ́ni tó ń pe òun ní nǹkan mìíràn. Òun wá rántí ìgbà tí òun bá yọ sórí ìtàgé, tí wọ́n á máa kígbe, "Ìyábọ̀! Ìyábọ̀!" Òun rò ó pé, ṣé Albert á wá fi ẹnu kan dí ọ̀nà èèyàn mẹ́ta? Òun rò ó pé yóò dùn mọ́ ọn nígbà tó bá gbọ́ ọ. Òun ro oríṣiríṣi. Ẹni tó bá ti fẹ́ ṣe ibi, àlàyé kì í wọ́n ọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó mú ìwé àdéhùn tí Dùnsìn fún un, ó lọ sí ilé Albert.

"Kí... ni... yìí?"

"Ìwé orin àtijọ́ ni. Kí wọ́n lè máa gbé e sórí rédíò."

"Tuntun... ńkọ́?"

"Wọ́n ní ká ṣì dúró. Kọ́ńpìnnì ṣì ń rò ó."

Albert wo ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Awò ojú rẹ̀ wà lórí tábìlì nítòsí, ṣùgbọ́n kò na ọwọ́ sí i. Ìyábọ̀dé ló wò.

"Ìyábọ̀, ṣé o... kà á?"

"Mo kà á."

"Ó tó."

Ó na àtàǹpàkò òsì. Ìyábọ̀dé di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rì í sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.

Ìyábọ̀dé ní bí Albert bá ti bi òun lẹ́ẹ̀kejì ni, bóyá òun ì bá ti jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọkàn tánni kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Irọ́ kan kì í dá rìn. Ó padà sí France Road, ó sọ fún Fọláhàn àti Collins pé Albert ti gbà kí kọ̀ǹpútà kọrin fún òun.

Fọláhàn lejú. "Albert? Albert tí mo mọ̀ yìí?"

"Ó tẹ̀ka. Wò ó."

"Kí ló dé tí kò fi wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀?" ni Collins bi í.

"Ara rẹ̀ ò yá. Ẹ má lọ yọ ọ́ lẹ́nu."

Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ló máa rò pé Ìyábọ̀dé lè purọ́ mọ́ Albert?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gba orin sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí Dùnsìn kọ́kọ́ tan ohùn yẹn, gbogbo wọn kú sára. Albert gan-an ni! Albert ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ìbọn, tó máa ń fa èémí sínú kó tó sọ àwàdà. Collins bọ́ fìlà rẹ̀. Fọláhàn kọjú sí ògiri.

Dùnsìn wá ní, "Mummy, orin ẹnu tó lọ Kaduna yẹn dáa gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ ìyẹn náà."

Ibí yìí ló yẹ kó ti sọ pé rárá. Ìwé àjákọ Albert ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó nà án sí i.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ àwo náà lọ́jọ́ Sátidé, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. "Dáríyá ti padà dé! Albert Sàlámì fúnra rẹ̀!" Lọ́jọ́ kejì, Dárasími yọ sí Singer. Ọmọ Kano ni, ó gbọ́ Yorùbá yé, ṣùgbọ́n Hausa àti Píjìn ló fi ń fèsì.

"Aunty, ina kwana," ló kí i.

"Lafiya lau, Dárasími. Daddy ńkọ́?"

"Daddy dey. Aunty, radio talk say Daddy dey inside new album. Daddy no know anything about am. How far?"

Ìyábọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í to páálí tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Orin àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ka sí i?"

"So he fit come on Saturday?"

"Háà, ariwo á pọ̀ jù. Ara rẹ̀ ò lè gbà á."

Dárasími wò ó láti òkè délẹ̀. "Shikenan," ló wí, pé ó parí nìyẹn, ó sì yí padà lọ. Ìyábọ̀dé ní bí ọmọ náà bá ti gbá òun létí ni, ì bá sàn ju shikenan yẹn lọ.

Ọ̀sán Sátidé, gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ibo Road kún fọ́fọ́. Àgbà tó mọ Dáríyá láyé ọjọ́un wá, ọ̀dọ́ tó mọ ewúrẹ́ wá. Ìyábọ̀dé gbé béèsì kọ́ ọrùn, ó gun orí ìtàgé, wọ́n sì kígbe orúkọ rẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Fọláhàn àti Collins ń lu tiwọn, ohùn Albert ń jáde láti inú sípíkà. Dùnsìn ti sọ fún àwọn èèyàn pé wọ́n ti gba ohùn Albert sílẹ̀ ṣáájú torí àìlera.

Orin kejì ni wọ́n wà tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí.

Albert ló wọlé. Dárasími di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, ọ̀pá wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó wọ kóòtù pupa tó fi ń ṣeré nígbà náà lọ́hùn-ún, èyí tí apá rẹ̀ kan gùn dé orúnkún. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fọn fèrè, wọ́n ké mẹ̀ẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí àga iwájú sílẹ̀ fún un. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi kí Ìyábọ̀dé.

Bí orin ṣe parí, Ìyábọ̀dé sáré tọ Dùnsìn lọ. "Yọ orin ẹnu yẹn kúrò! Yọ ọ́ kúrò!"

"Mummy, òun gan-an ni wọ́n ń dúró dè."

Ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹnu mi ti kọrí sí Kaduna..." Ohùn náà jáde kedere, ó dán, ó já geere. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó kọsẹ̀ níbẹ̀. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyábọ̀dé ń wo Albert. Ó rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, bí àwọn tó kù. Ó rí i bí ẹ̀rín náà ṣe dúró. Ó rí i bó ṣe na ọrùn sí sípíkà bí ẹni tó ń wá ojú ẹnì kan nínú òkùnkùn.

Albert fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Ẹ... pa á!"

Wọ́n pa á.

"Ta... ni... yẹn?"

Ẹ̀rín bú káàkiri gbọ̀ngàn. Albert aláwàdà ṣáà ni. Wọ́n rò pé eré tó ti múra sílẹ̀ nìyẹn.

"Mo ní... ta ni?" Ó kọjú sí sípíkà. "Èmi kọ́! Ẹnu tó... tọ́... ló ń kọrin... ẹnu tó wọ́!"

Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Ọkùnrin kan ń fẹsẹ̀ na ilẹ̀. Fóònù wà lókè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Dárasími nìkan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín, orí ìtàgé ló sì tẹjú mọ́.

Dùnsìn fẹnu sí etí Ìyábọ̀dé. "Mummy, ẹ jẹ́ ó máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ẹ ta béèsì."

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bó bá ta béèsì, ẹ̀rín á gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, á ṣì lè wá irọ́ mìíràn pa.

Ìyábọ̀dé fa wáyà béèsì yọ. Sípíkà han gooro, gbogbo ilé dákẹ́. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́. Kì í ṣe àwàdà. Kọ̀ǹpútà lẹ ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Albert kò kọ ọ́, kò sì mọ̀ sí i. Orin rẹ̀ ni, òun ló fi ọwọ́ òsì rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ni mo kó o fún ẹ̀rọ. Èmi ni mo gbé ìwé fún un, tí mo ní orin àtijọ́ ni. Ó bi mí bóyá mo kà á. Mo ní mo kà á. Lóòótọ́ ni mo kà á! Mo mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fọláhàn ò mọ̀. Collins ò mọ̀. Èmi nìkan ni."

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Ìyábọ̀dé dáhùn.

Nígbà tó fi máa bojú wo àga iwájú, ó ti ṣófo.

Fídíò ọjọ́ náà dé ibi tí orin ewúrẹ́ kò dé. Wọ́n bú u ní èdè mẹ́rin. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe ìpàdé lé e lórí, wọ́n ní kó fi ipò ìyá ẹgbẹ́ obìnrin sílẹ̀. Ó ní ó dáa. Alàgbà kan wá fi kún un pé, "Ṣé ẹ rí i bí? Mo ti ń sọ ọ́ pé rọ́ọ̀kì kò yẹ obìnrin tó ti dàgbà."

Ìyábọ̀dé dìde. "Ẹ forí jì mí, sà. Bẹ́ ẹ bá gba ipò lọ́wọ́ mi nítorí irọ́ tí mo pa, mo gbà, ó tọ́ sí mi. Bó bá jẹ́ nítorí gìtá ni, n ò gbà o. Gìtá kọ́ ló purọ́."

Dùnsìn pè é láti Èkó. Ó ní ọ̀gá òun ní ìwé wà lọ́wọ́, àwọn lè gbé e lọ sí kóòtù, àwo náà á sì jáde.

"Ẹ gbé mi lọ," ni Ìyábọ̀dé dá a lóhùn. "Ẹ tètè gbé mi lọ. Màá mú Albert dání. A ó jókòó níwájú adájọ́, a ó ní kí Albert kọ orin náà, kẹ́ ẹ wá tan tiyín. Kí adájọ́ sọ ta ló ni ẹnu."

Kò tún gbúròó wọn mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti pa gbogbo orin náà rẹ́ níbi tí wọ́n gbé e sí.

Ti Albert ló le. Ó lọ sílé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnu ọ̀nà ni Dárasími ti ń dá a dúró. "Ba ya son ganinki," lọ́mọ náà máa ń wí, pé bàbá òun kò fẹ́ rí i. Ìyábọ̀dé á ní òun gbọ́, á sì padà lọ.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí Dárasími tó lanu, ohùn kan jáde láti pálọ̀.

"Jẹ́... kó wọlé."

Ìyábọ̀dé wọlé, ó kúnlẹ̀. Albert ò ní kó dìde. Ó jẹ́ kí orúnkún rẹ̀ ro ó dáadáa.

"Béèsì... dà?"

"Ó wà nílé."

"Lọ gbé e. Pe... Fọláhàn. Pe... Collins."

Omijé bọ́ lójú Ìyábọ̀dé. "Albert, o ti dárí jì mí?"

"Rárá." Ó mí kanlẹ̀. "N ò... dárí jì ọ́. Orin ni... mo fẹ́ kọ."

Ilé ìkẹ́rùsí Ìyábọ̀dé ní Singer ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀, ní ọ̀sán Sunday, nígbà tí ọjà dákẹ́. Páálí mílíìkì tó tò kan àjà kò jẹ́ kí ariwo ìta wọlé. Wọ́n háyà ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, Dárasími sì ló ń tẹ̀ ẹ́.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò dáa rárá. Albert kò bá ìlù mu. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, Collins ti lu mẹ́fà. Collins rọra lù ú, síbẹ̀ kò tó. Fọláhàn ló wá ju gìtá sílẹ̀.

"Kí ló dé tá a fi ń lé e? Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Wọ́n dúró dè é. Albert ní, "Mo bu... tíì... sẹ́nu..." Gìtá dákẹ́. Ìlù dákẹ́. Béèsì dákẹ́. Gbogbo ilé ń retí. Albert wojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò yára. "...Èjìká mi... ló mu ún." Ìlù sì já lulẹ̀ bí òjò.

Dárasími fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì bú jáde láàárín ìka rẹ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ nìyẹn. Ìdúró tí Dùnsìn ní kò sẹ́ni tó máa dúró, òun gan-an ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Albert rí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi dá àrà. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ á ti wà lẹ́nu rẹ̀ tán, á di í mú, á máa wo Collins tí ọ̀pá ìlù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ lókè.

Orin mẹ́jọ ni. Àwọn fúnra wọn ló gbé e jáde. Kò tà dé Èkó bí ti ewúrẹ́, àwọn kan sì kọ̀wé pé kí àwọn arúgbó yìí lọ sùn. Ìyábọ̀dé fèsì fún wọn pé àwọn á sùn bí oorun bá kun àwọn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá gba Ibo Road kọjá lọ́sàn-án, ẹ ó gbọ́ ọ ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ mẹ́ta mẹ́rin. Obìnrin kan tí ẹ̀gbà ṣe ọkọ rẹ̀ wá láti Zaria pẹ̀lú ọkọ náà, wọ́n jókòó sí ìsọ̀ Ìyábọ̀dé, ọkùnrin náà sì bi í pé níbo lẹni tó kọ ọ́ wà, òun fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀kọ́ tó ní ká bá òun sọ fún yín kò gùn. Ó ní kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ orí yín dẹ́rù bà yín. Òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí pé òun gbé gìtá ní ọmọ ọgọ́ta ọdún ó lé kan. Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ yín, ìbáà ṣe ohùn lásán, ẹ má fi ra ayọ̀ fún ara yín. Albert nìkan ló ní òun jẹ ní ẹ̀bẹ̀, òun sì ti bẹ̀ ẹ́ níbi tí gbogbo ayé á ti gbọ́.

Inú àwo náà ló ti bẹ̀ ẹ́. Albert ló sọ ọ́ di dandan pé ẹ̀bẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ àwo náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde, Fọláhàn gbìyànjú láti yọ ọ́. "Ìyá Tolú, àwo ẹ̀rín ni. Ta ló ń fi ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àwo ẹ̀rín? Wàá tún sọ ara rẹ di ẹni tí wọ́n ń bú."

"Má yọ ọ́," ni Ìyábọ̀dé wí. "Èmi ni mo ṣe é. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ."

Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá tan àwo náà, ohùn Ìyábọ̀dé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, láìsí gìtá, láìsí ìlù. Á gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ gbogbo ohun tó ṣe, láti orí ìwé dé orí ìtẹ̀ka, títí dé gbọ̀ngàn. Bó bá ti sọ ọ́ tán, ibi gbogbo á dákẹ́. Á dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn á fi rò pé ó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ohùn Albert á jáde, ohùn rẹ̀ ti ìsinsìnyí.

"O ti... parí?"

"Mo ti parí."

"Ó dáa. Collins... lù ú."